Ìwé Àpáta, Ìwé Rọ́ọ̀kì: Ta Ló Di Okùn Mú?

Nígbà tí ìsinmi gígùn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹgbẹ́ wa a máa béèrè ìwé tí wọn lè kà. Lọ́dún yìí, ìbéèrè méjì ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀kan fẹ́ ìwé lórí gígun àpáta, nítorí pé ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ni, ẹsẹ̀ àpáta ni ó sì ti dàgbà. Èkejì fẹ́ ìwé lórí orin rọ́ọ̀kì, nítorí pé ó ń ta gìtá. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdáhùn méjì ni èmi yóò kọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń tún àwọn ìwé náà kà, mo rí i pé ọ̀ràn kan náà ni wọ́n jọ ń rò.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe àpáta àti orin yìí. Ìró lásán ló pa wọ́n pọ̀: inú mímì àti yíyí ara ni orúkọ orin náà ti wá, kò ti ara òkúta wá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀pẹ wa máa ń dá gun ọ̀pẹ. Igbà rẹ̀ yí òun àti igi nìkan ká. Ẹni tó ń gun àpáta ńlá kì í sábà dá lọ. Ẹnìkan á wà lókè, ẹnìkan á wà nísàlẹ̀, okùn kan ni yóò so ìbàdí àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí okùn so pọ̀ báyìí, “cordée” ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni òkè bá yọ̀, ẹni ìsàlẹ̀ ni yóò gbà á dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì rí. Ẹni tó ń kọrin ni gbogbo ayé ń wò, ṣùgbọ́n onílù àti ẹni tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣubú. Nígbà tí ìwé bá wá dé, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lára èèpo rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fi wọ̀n àwọn ìwé wọ̀nyí nìyí: ta ló di okùn mú, kí sì ni ìwé náà sọ nípa rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó lókìkí jù nínú wọn lédè Faransé, “Annapurna, premier 8 000”, ti Maurice Herzog. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1950, Herzog àti Louis Lachenal dé góńgó òkè Annapurna ní Nepal, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8 091. Wọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó dé orí òkè tó ga ju mítà 8 000 lọ. Òtútù ba àwọn méjèèjì jẹ́: Herzog pàdánù ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀, Lachenal pàdánù gbogbo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Herzog ti ka ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a kọ ọ́. Ó jáde ní 1951, ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìwé tó dára ni. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n mú dání kò péye, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wá òkè náà kí wọ́n tó gùn ún. Apá yìí dùn ún kà bí ìtàn ọdẹ. Ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó ni orí góńgó gan-an. Níbẹ̀, Herzog ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí gbé: ayọ̀, ìmọ́lẹ̀, ògo orílẹ̀-èdè. Ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gba àyè púpọ̀.

Lachenal kò sì lè fèsì. Kí wọ́n tó gbéra nílé ni gbogbo wọn ti ṣèlérí pé, yàtọ̀ sí olórí wọn, ẹnikẹ́ni kò ní kọ ìtàn ìrìn àjò náà jáde fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí ọdún náà pé, ní 1955, Lachenal jìn sínú kòtò yìnyín nítòsí Chamonix, ó sì kú. “Carnets du vertige”, tí a tẹ̀ lórúkọ rẹ̀ ní 1956, ti kọ́kọ́ gba ọwọ́ Gérard Herzog, ọmọ ìyá Maurice, kọjá. Ọ̀pọ̀ ohun tó korò ni a sì yọ kúrò. Ó di ọdún 1996 kí ohun tí ó kọ tó jáde láìgé.

Nínú ẹ̀dà tí a kò gé yìí ni a ti kà á pé Lachenal mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń kú lọ. Afinimọ̀nà lórí òkè ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni, ì bá ti padà. Ṣùgbọ́n ó gbà pé bí òun bá padà, ẹnìkejì òun kò ní í bọ̀ láàyè, ìdí nìyí tí ó fi bá a gòkè. Kì í ṣe nítorí àsíá. Nítorí ẹni tí wọ́n jọ rìn ni.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ka ìwé méjèèjì bí a ti ń tọ́ ìbejì. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde láti tọ́ ayé wò, òun ni ayé kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n. N kò sọ pé Lachenal kò lábàwọ́n. Onínúfùfù ni, ó máa ń yára dájọ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kò sì ní ẹwà gbólóhùn bíi ti Herzog. Ẹni tó bá ka tirẹ̀ nìkan yóò gbàgbé pé Herzog náà fi ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ san owó òkè yẹn. Àárín ìwé méjèèjì ni òtítọ́ wà, ẹni tó bá ka méjèèjì ni yóò sì rí i.

Ẹni tó sì ka ìbejì kò gbọdọ̀ gbàgbé Ìdòwú. Àwọn Sherpa ló bá wọn ru ẹrù dé ibùdó tó ga jù lọ, Ang Tharkey sì ni olórí wọn. Herzog pè é pé kí ó bá àwọn dé góńgó. Ó dúpẹ́, ó ní òtútù ti ń mú òun lẹ́sẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí àwọn akọni méjèèjì kò lè rìn mọ́, ẹ̀yìn àwọn Sherpa àti àwọn aláàárù ni a fi gbé wọn padà. “Mémoires d'un Sherpa” jáde ní Paris ní 1954, ṣáájú ìwé Lachenal pàápàá: Ang Tharkey ló sọ ọ́ lẹ́nu, Basil Norton ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gba sùúrù láti kà, nítorí pé ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀, a kì í sì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń gòkè fún owó ọ̀yà, òkè kì í ṣe àlá; iṣẹ́ ni. Ẹni tó ka Herzog nìkan lè máa káàánú Ang Tharkey pé ó sọ ògo nù. Ẹni tó rántí pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀ yóò tún èrò ara rẹ̀ pa.

Ẹni tó fẹ́ àpáta gan-an, tí kò fẹ́ yìnyín Himalaya, kí ó wá “Étoiles et tempêtes” ti Gaston Rébuffat, tó jáde ní 1954. Òun náà wà ní Annapurna. Òun àti Lionel Terray ló ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ bọ̀ láti òkè. Ọmọ Marseille ni, orí àwọn àpáta etí òkun tí wọ́n ń pè ní Calanques ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́. Ìwé náà jẹ́ ìtàn ojú àríwá mẹ́fà lára àwọn òkè Alps. Kò sọ̀rọ̀ bí ológun, kò pe òkè ní ọ̀tá. Ẹni tí wọ́n jọ wà nídìí okùn ló ń kọ nípa rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó dùn jù. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, ẹni tó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Annapurna yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Rébuffat fi sínú.

Bí a bá wá gé okùn náà ńkọ́? Ní 1985, Joe Simpson kán lẹ́sẹ̀ lórí òkè Siula Grande ní Peru. Simon Yates ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí Simpson fi rọ̀ dirodiro sínú òfuurufú, tí Yates fúnra rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ. Yates gé okùn. Simpson jìn sínú kòtò yìnyín, kò kú, ó sì fi ìdí wọ́ padà dé ibùdó. Nígbà tí àwọn kan ń bú Yates, Simpson kọ ìwé kan ní 1988 láti gbèjà rẹ̀. “La Mort suspendue” ni àkọlé rẹ̀ ní Faransé. Ó fún Yates ní àyè nínú rẹ̀ láti sọ tẹnu ara rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé òkè tí mo kà, èyí nìkan ni mo ti rí Táyéwò àti Kẹ́hìndé nínú èèpo kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ní 1980, ẹgbẹ́ Talking Heads ti New York gbé àwo “Remain in Light” jáde. David Byrne ló ń kọrin. Tina Weymouth ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Chris Frantz, ọkọ rẹ̀, ń lu ìlù. Jerry Harrison ń ta gìtá, ó sì ń tẹ dùùrù. Brian Eno, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló bójú tó iṣẹ́ náà. Ìwé Byrne, “How Music Works” (2012), kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé lásán, ẹ̀kọ́ ni. Ó ń ṣàlàyé pé ibi tí a ti ń ṣe orin máa ń pinnu irú orin tí a óò ṣe, àti pé ìlù tó yẹ gbangba ìta kò yẹ ilé ìjọsìn olókùúta tí ohùn ti ń pẹ́ kó tó kú. Olóye ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Frantz kọ “Remain in Love” ní 2020, àròyé rẹ̀ sì ni pé orúkọ Byrne gbé iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ṣe mì. Ìwé Frantz gùn jù, oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀, ìbínú sì máa ń mú un lọ jìnnà. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ kí a rí bí orin ṣe ń ti inú eré ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kí ó tó di ti ẹnìkan. Ìbejì mìíràn nìyẹn.

Okùn náà sì gùn kọjá New York. Byrne àti Eno ti ń gbọ́ àwo Fẹlá Aníkúlápó Kútì kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì fi í pamọ́. Nígbà tí àwo náà jáde, àkójọ orúkọ ìwé bá a dé ọwọ́ àwọn oníròyìn. Lára wọn ni “African Rhythm and African Sensibility” (1979) ti John Miller Chernoff, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn Dagomba ní Gánà. Chernoff kò sọ olùkọ́ rẹ̀, Ibrahim Abdulai, di “onílù kan”. Ó dárúkọ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ta ló wá di okùn mú fún Fẹlá? Tony Allen ni, ọmọ Èkó, onílù tí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí òun àti Michael Veal jọ ṣe, jáde ní 2013. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sọnù nínú rẹ̀. Ó sọ bí ó ṣe wá ọwọ́ ìlù rẹ̀, ó sọ ìdí tí ó fi kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá, síbẹ̀ kò fi ìbínú pa ọlá Fẹlá rẹ́. Nígbà tó yá, àwọn olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá a wá. Ní 2007, òun ni onílù ẹgbẹ́ tí Damon Albarn kó jọ. Ní 2018, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah tiwa níbí, tún gbogbo orin inú “Remain in Light” kọ, Tony Allen sì wà lára àwọn tó lùlù sí i. Okùn náà padà dé ọwọ́ tó ti kọ́kọ́ dì í mú.

Ẹni tó ní àyè fún ìwé méjì péré lásìkò ìsinmi, kí ó mú “La Mort suspendue” àti ìwé Tony Allen. Ẹni tó ní àyè fún mẹ́rin, kí ó fi Herzog àti Lachenal kún un, kí ó má sì ka ọ̀kan láìka èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà tí a ń kọ̀wé síbí. A máa ń tẹ oríkì, àlọ́ àti ìtàn ìlú tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Orúkọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ ló máa ń hàn lókè. Ìyá tó jókòó sọ ìtàn fún odindi ọ̀sán a wá di “àgbà obìnrin kan”. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà yín ní ìsinmi yìí, bí ẹ bá gba ìtàn sílẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a pe orúkọ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ ṣáájú tiyín.