Bàbá Tó Ń Pa Eku ní Ìgbẹsà

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń bu májèlé sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá kan tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìẹ sí ní Ìgbẹsà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gààrí lásán ni wọ́n pò mọ́ ẹja gbígbẹ, wọ́n bù ú sínú àwo pẹlẹbẹ lẹ́bàá ògiri, lójú ọ̀nà tí eku ń gbà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo àwo lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí, eku ti lá a mọ́ tónítóní, ìyẹn, ó kàn tọ́ ọ wò lẹ́nu kan. Àwo igun ilẹ̀kùn nìkan ni eku kò fẹnu kàn. Bàbá bi olùṣọ́ bóyá ẹnìkan ti fi májèlé sínú gààrí níbẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kó gààrí kúrò, wọ́n fi àgbàdo fífọ́ rọ́pò rẹ̀. Mo kí wọn kú ọgbọ́n, nítorí inú ọpọlọ eku gan-an ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

Eku kì í bì. Ohun tó bá gbé mì ti wọlé nìyẹn, ìdí nìyí tó fi ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ tuntun wò díẹ̀. Bí inú bá run ún tí kò sì kú, ó parí láàárín òun àti oúnjẹ náà. Ní 1955, John Garcia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún eku ní omi tí saccharin mú dùn, wọ́n sì tan ìtànṣán gamma, tó ń fa àìsàn, sí wọn lára. Lẹ́yìn náà, eku ń yẹra fún omi dídùn. Àwọn tó tún irú ìdánwò náà ṣe rí i pé bí àìsàn tilẹ̀ pẹ́ fún wákàtí mélòó kan kó tó dé, eku ṣì ń dá ohun tó jẹ lẹ́bi.

Inú ọpọlọ eku ni ìsopọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ náà, nítòsí ibi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni area postrema wà, tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ bóyá májèlé ti wọ inú rẹ̀. Lókè rẹ̀ díẹ̀ ni parabrachial nucleus, níbi tí ìròyìn ahọ́n àti ti ikùn ti ń pàdé. Eku tí wọ́n bá ba ibẹ̀ jẹ́ kò ní lè so ìtọ́wò mọ́ àìsàn mọ́. Insula, ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, ló ń pa ìtọ́wò tuntun mọ́.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi warfarin, májèlé eku tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gba ẹ̀yìn yọ sí ọgbọ́n eku yìí. Oògùn bàbá yìí kì í fi falẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìdí èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú eku kọ́kọ́ mọ́ oúnjẹ náà, kó lè jẹ ẹ́ yó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí májèlé bá wọ inú oúnjẹ náà.