Ọwọ́ Ìyá Ìjọ Lórí Pupuru

Ní Aráròmí-Obu, ìlú tí a mọ̀ mọ oko rọ́bà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, ẹni tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ni gbogbo ayé mọ ìyá àgbà wa sí. Kí agogo kejì tó lù, wọ́n ti jókòó. Ìwé ètò ìsìnkú wọn sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò dárúkọ pupuru wọn rárá, ó sì ń dùn mí.

Oúnjẹ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni pupuru kó tó di ti gbogbo wa. Ẹ̀gẹ́ kan náà tí à ń rin, tí à ń yan di gàrí, ni à ń rẹ, tí à ń fi iná mú gbẹ di pupuru. Òjò wa pọ̀, oòrùn kò ṣeé gbára lé. Iná ló ṣeé gbára lé.

Ọjọ́bọ̀ ni màmá máa ń bó ẹ̀gẹ́ sínú omi. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n wọ aṣọ funfun lọ sílé Ọlọ́run, omi ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kò sí iná tí ẹnikẹ́ni ń ṣọ́. Ní Ajé, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í tẹ̀lé iye ọjọ́ nìkan, torí bí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹ̀gẹ́ kì í tètè rọ̀. Májèlé sì wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírẹ ló ń lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kánjú yọ ọ́ ń fi ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni ṣeré.

Wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi ro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí á fi di ìṣù róbótó tí kò sán níbì kankan.

Orí àjà tó wà lókè iná, níbi tí wọ́n ń to ìṣù náà sí, ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí iná bá ń jó geregere, ẹ̀yìn á yára le, á sé omi mọ́ inú. Ojú á ní ó ti gbẹ, inú á sì bu. Màmá a máa fa igi kan sẹ́yìn, wọ́n á ti òmíràn wọlé díẹ̀, wọ́n á yí àwọn ìṣù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà òru àti yíyí pupuru, àsìkò kan náà ni wọ́n ń jí fún méjèèjì. Láti mọ èyí tó ti gbẹ dénú, wọ́n á gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì. Èyí tó bá ṣì wúwo á padà sórí iná.

Tí wọ́n bá wá ń fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn dúdú náà, díẹ̀díẹ̀ ni, kí funfun inú má bàa ṣòfò. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ gún un, ẹ kù ú, ẹ rò ó nínú omi gbígbóná: òórùn èéfín á rọra wà níbẹ̀, kò ní bo ọbẹ̀ ẹja mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ìyá wa, ẹ kọ oyè tí wọ́n jẹ nínú ìjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn pẹ̀lú, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí tiyín bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.