Ẹnu-Ọ̀nà, Oríta àti Ipa Àfàmìlà: Àríwísí Lórí Orúkọ Àwọn Ohun Inú Ìsokọ́ra ATM

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa mu, èyí tí í ṣe àyẹ̀wò àwọn orúkọ tí ó yẹ fún àwọn ohun inú ìsokọ́ra ẹ̀rọ tí a ń pè ní ATM, àti bí a ṣe ń kọ orúkọ wọ̀nyí nígbà tí a bá ń fi ètò kọ̀ǹpútà ṣàkóso wọn. Ìwé tí a óò máa tọ́ka sí jù lọ ni RFC 2515, tí àjọ IETF gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 1999. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ó sì to gbogbo ohun tí alákòóso lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, tàbí tí ó lè pa láṣẹ fún un, lẹ́sẹẹsẹ. A kò fẹ́ bá àwọn tí ó ṣe é jiyàn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Orúkọ tí wọ́n lò ni a fẹ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú ewu tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di Yorùbá. Ìlànà kan ṣoṣo ni a óò sì gbé kalẹ̀: kí orúkọ tẹ̀ lé iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, kí ó má sì di orúkọ nǹkan mìíràn bí a bá tilẹ̀ gba àmì orí rẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ATM fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní báǹkì ni tọmọdé tàgbà mọ̀ mọ́ lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ ìsokọ́ra, Asynchronous Transfer Mode ni wọ́n dúró fún, ìlànà tí àjọ CCITT, tí ó di ITU-T lẹ́yìn náà, yàn ní ọdún 1988 láti fi gbé ohùn, àwòrán àti ìwé pọ̀ nínú ìsokọ́ra kan ṣoṣo. Olùdánniwò tí ó bá kọ ọ́ pé, “Ṣàlàyé bí ATM ṣe ń ṣiṣẹ́,” láìsọ èyí tí ó ní lọ́kàn, ti dẹ pàkúté sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn nípa káàdì àti owó kò jẹ̀bi rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò túmọ̀ sí pípẹ́ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń méfò ṣe lè rò. Nínú ìlànà tí ó ṣáájú rẹ̀, oníkálukú ní ìgbà tirẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ ń kọjá, a sì ń fi ìgbà náà sílẹ̀ fún un bí kò tilẹ̀ ní ẹrù kankan. Nínú ATM, ẹni tí ó bá ní ẹrù ni ó ń rán an. Àmì orí ẹrù ni a fi ń mọ ibi tí ó ń lọ, kì í ṣe ìgbà tí ó dé. Nítorí náà ni a ṣe dábàá “ìfiránṣẹ́ aláìnígbà-pàtó.”

Ẹrù tí a wí yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cell. Ẹni tí ó bá gbára lé ìwé atúmọ̀ èdè yóò bá yàrá ẹ̀wọ̀n pàdé níbẹ̀, tàbí sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú ara ohun abẹ̀mí. Ti àkọ́kọ́ kò bá a mu, ti èkejì sì ti ní nǹkan tí ó ń jẹ́ ẹ. Ohun tí a ní níhìn-ín ni ìdì kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà: báìtì 53, tí 5 nínú rẹ̀ jẹ́ àkọlé, tí 48 sì jẹ́ ẹrù. Àdéhùn ni ó bí 48 yìí ní ọdún 1989, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń fẹ́ 32, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń fẹ́ 64. “Ìdì” ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, nítorí pé dídì ni a di í, a kọ àmì sí i lórí, a sì rán an.

Bí a bá dé orí port, “èbúté” ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ mú wá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì tí a ń kọ bákan náà: ọ̀kan ti ara ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí èbúté jáde, èkejì sì ti ara èyí tí ó túmọ̀ sí ẹnu ibodè jáde. Ti ibodè ni ó bá ẹ̀rọ yìí mu. Ìdì kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀ kí ó sinmi. Ó ń gbà á wọlé ni, ó sì ń gbà á jáde. “Ẹnu-ọ̀nà” ni kí a máa pè é. Bákan náà ni switch: síwíìṣì tí a fi ń tan iná nínú ilé kò ní iṣẹ́ ju kí ó so iná tàbí kí ó já a lọ. Ẹ̀rọ tí a ń wí yìí ń ka nọ́ńbà orí ìdì tí ó gba ẹnu-ọ̀nà kan wọlé, ó ń wo inú àtẹ rẹ̀, ó ń fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò èyí tí ó bá níbẹ̀, ó sì ń fi ìdì náà jáde gba ẹnu-ọ̀nà tí àtẹ náà là sílẹ̀. Ẹ̀rọ oríta ni, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń yà.

Ibi tí ìtumọ̀ ti lè ṣini lọ́nà jù ni virtual. Bí a bá pè é ní “àìrí,” a kò sọ nǹkan kan, nítorí pé iná tí ó wà nínú okùn gidi náà kò ṣeé fojú rí. Bí a bá pè é ní “ayédèrú,” a bà á lórúkọ jẹ́, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni ó ń ṣe. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé a kò fa okùn kankan lọ́tọ̀ fún un; nọ́ńbà tí a kọ sínú àtẹ gbogbo ẹ̀rọ oríta tí ó wà lójú ọ̀nà ni ó là á. Yorùbá a máa wí pé a la ọ̀nà; èyí tí a fi àmì là ni “àfàmìlà.” Kí path jẹ́ “ọ̀nà àfàmìlà,” kí channel sì jẹ́ “ipa àfàmìlà.” A kò gbọdọ̀ pa méjèèjì pọ̀ sí orúkọ kan, nítorí pé inú ọ̀nà ni ipa wà. Nọ́ńbà ọ̀nà a máa bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255 níbi tí oníbàárà ti so mọ́ ìsokọ́ra, àti dé 4,095 láàárín ẹ̀rọ oríta méjì. Nọ́ńbà ipa sì lè dé 65,535. Ẹ̀rọ oríta mìíràn wà tí ń wo nọ́ńbà ọ̀nà nìkan, tí kì í fọwọ́ kan ti ipa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ ní orúkọ kan fún méjèèjì kò lè ṣàlàyé èyí, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí alákòóso ṣe ń so ipa kan já inú ẹ̀rọ oríta gẹ́gẹ́ bí RFC 2515 ti là á sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kọ irú ẹrù tí yóò máa kọjá àti bí yóò ti pọ̀ tó sínú àtẹ kan. Lẹ́yìn náà ni ó ń kọ ipa náà sílẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà méjèèjì, tí a fi nọ́ńbà mẹ́ta dá a mọ̀: ti ẹnu-ọ̀nà, ti ọ̀nà, àti ti ipa. Ó ń béèrè nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó ń fi í kọ ìlà tí ó so ìhà méjèèjì pọ̀, ó sì ń pàṣẹ kí ìlà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú ìlà yìí, ìwé náà pe ẹnu-ọ̀nà kan ní Low, ó sì pe èkejì ní High. Ẹni tí ó bá túmọ̀ wọn sí “ìsàlẹ̀” àti “òkè” ti sọ ohun tí kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìwé náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni Low. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, ọ̀kan kò sì sàn ju èkejì lọ. “Onínọ́ńbà-kékeré” àti “onínọ́ńbà-ńlá” gùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò purọ́. Àléébù kan tí a rí lára ìwé náà nìyí, pé ó fi ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ mìíràn lójoojúmọ́ ṣe orúkọ, ó sì wá ń fi àlàyé tún un ṣe.

Níbòmíràn, ẹ̀wẹ̀, ó yẹ kí a yìn ín. Ó ya ohun tí a pàṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Alákòóso lè pàṣẹ pé kí ipa kan ṣí, kí ó sì wà ní títì síbẹ̀ nítorí pé okùn já. Orúkọ méjì ni ìwé náà fún un, AdminStatus àti OperStatus. Kí àwa náà pè wọ́n ní “ipò àṣẹ” àti “ipò ìṣe,” kí a má sì kó wọn pọ̀ sábẹ́ “ipò” nìkan.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan iṣẹ́ ìwé yìí jù lọ ni ti àmì ohùn. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ ipa, ṣùgbọ́n orúkọ ni ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n. RFC 2863 ti ọdún 2000 fún alákòóso ní àyè kan, tí ó ń jẹ́ ifAlias, tí ó lè kọ orúkọ ẹnu-ọ̀nà sí, tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 64 lọ. Ṣùgbọ́n irú àyè yìí, gẹ́gẹ́ bí RFC 1213 ti ṣe é ní ọdún 1991, kò gba ju lẹ́tà ASCII lọ. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn kankan níbẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka mẹ́ta: Ẹ̀ka Owó, Ẹ̀ka Òwò, àti Ẹ̀ka Ọ̀wọ̀ tí ó wà ní ìlú Ọ̀wọ̀. Nínú àtẹ ẹ̀rọ, “Eka Owo” ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀ka Èdè àti Ẹ̀ka Ẹdẹ yóò di “Eka Ede.” Bí a bá wí fún alákòóso pé kí ó pa ẹnu-ọ̀nà ti Ọ̀wọ̀ dé, tí ó sì pa ti Owó dé, owó-oṣù kì yóò jáde lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí yóò lè fi hàn án nínú àtẹ pé ó ṣàṣìṣe.

Ní ọdún 1998 ni a gbé irú àyè mìíràn jáde, SnmpAdminString, tí ó gba gbogbo lẹ́tà ayé nípa ìlànà UTF-8. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ìnáwó tirẹ̀. Báìtì 255 ni òpin rẹ̀, báìtì ni ó sì ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. “Ona” tí kò ní àmì gba báìtì 3. “Ọ̀nà” gba 8, nítorí pé ọ nìkan gba 3, àmì orí rẹ̀ gba 2, n gba 1, à sì gba 2. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a fún ọ̀ lódindi. Ara lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀ ni. Ètò tí ó bá ń gé orúkọ tí ó gùn láìwo èyí lè gé àmì kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Ẹnìkan lè wí pé ATM ti di ohun àtijọ́, pé Ethernet ti gba ipò rẹ̀, àti pé ATM Forum tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún 2005. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n port, switch àti virtual kò bá a lọ. Inú ìsokọ́ra tí ó rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n wà. Orúkọ tí a bá fún wọn lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò jogún.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ máa kọ́ iṣẹ́ nǹkan kí ẹ tó kọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ pé pérépéré nínú ìwé, kí ẹ sì tẹ orúkọ tí ó wà nínú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti kọ ọ́, kí òǹkàwé má baà wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin olùdánniwò, ẹ kọ ATM lódindi nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹ jáde nínú ìbéèrè, ẹ má sì gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ “Ilu Owo,” “Isuna” àti “Karakata” dípò “Eka Owo” lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó yan orúkọ tí ó dá dúró láìní àmì, níbi tí àmì kò ti lè wọlé, kò kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ ni.