Ohùn Igi, Ohùn Iná

Àwọn olólùfẹ́ gìtá a máa jiyàn lórí gìtá onígi tó dùn jù lọ bí a bá so ó mọ́ áńpílífáyà. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà wọ́ láti ìpìlẹ̀.

Ẹ gbé gìtá mẹ́ta kalẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, kí ọwọ́ kan náà fi orin kan náà dán wọn wò. Èyí tí a fi igi spruce ṣe ojú rẹ̀ yóò dún ketekete. Èyí tí ojú tirẹ̀ jẹ́ cedar yóò rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Èyí tí a fi mahogany, ìbátan ọ̀gánwó ilẹ̀ wa, ṣe látòkèdélẹ̀ yóò sọ tirẹ̀ ní ṣókí. Wàyí o, ẹ so wọ́n mọ́ áńpílífáyà, kí ẹ tún tẹ́tí. Àwọn tí kò jọra rárá lẹ́ẹ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìbejì.

Kí ló fà á? Nínú ọ̀pọ̀ gìtá bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní piezo wà lábẹ́ egungun pẹlẹbẹ tí okùn gùn lé. Òun ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì di iná mànàmáná. Ó gbọ́ okùn dáadáa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló gbọ́ nínú bí pákó ṣe ń mí, kò sì gbọ́ afẹ́fẹ́ tí ń ti ihò gìtá jáde. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èyí tó ń lo òòfà lẹ́nu ihò, okùn irin ló mọ̀. Kò mọ okùn ọ̀rá. Máíkì tí a gbé síwájú gìtá ló ń gbọ́ tọ̀tún-tòsì, àmọ́ ó ń gbọ́ ìlù ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bí a bá sì yí ohùn sókè jù, yóò máa han gooro. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ń fi gìtá wé gìtá nínú áńpílífáyà, etí ló ń fi wé etí.

Ṣé áńpílífáyà ba orin jẹ́ ni? Rárá o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin jùjú, ẹgbẹ́ kékeré ni: bánjò tàbí gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ tí à ń pè ní jùjú. Bí ìlù bá pọ̀ jù, yóò bo okùn mọ́lẹ̀. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ máíkì mọ́ ara gìtá rẹ̀, ó sì so ó mọ́ áńpílífáyà. Láti ìgbà náà, gángan àti àwọn ìlù mìíràn lè pọ̀ sí i kí gìtá má sì sọnù. Ẹ̀rọ àjèjì ló la ọ̀nà fún ìlù ìbílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí ọmọ Yorùbá kíyè sí. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í sọnù nínú áńpílífáyà. Gìtá tí a fi ń sọ̀rọ̀ yóò ṣì sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ni a kì í dá mọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra gìtá kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìsí iná, kí ó mọ ohun tí igi náà fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá yan etí tí yóò gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.