Ẹsẹ̀ Jurgis Nínú Ìwé "The Jungle"

Bí a bá dárúkọ The Jungle, ìwé ìtàn àròsọ tí Upton Sinclair, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1906, ẹran tó bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin àyẹ̀wò ẹran. Ṣùgbọ́n inú Sinclair kò dùn pé oúnjẹ ni àwọn òǹkàwé rí, wọn kò rí òṣìṣẹ́. Ní tèmi, orí kọkànlá àti ìkejìlá ni ọkàn ìwé náà wà.

Jurgis, olú ẹ̀dá ìtàn, ti Lithuania wá sí Chicago. Géńdé ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpẹran, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọ̀gá fi pè é wọlé. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ ibẹ̀ ń sọ ènìyàn di aláìlera, ẹ̀rín ló ń fi wọ́n rín. Òǹkọ̀wé kò bá a jiyàn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ dè é.

Lọ́jọ́ kan, màlúù kan já. Jurgis fò yà fún un, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Ó fi aṣọ wé e, ó tún lọ síbi iṣẹ́, títí ìrora fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a kú. Dókítà ilé-iṣẹ́ ní kó lọ sùn sílé, pé òun ló fi àìgbọ́n ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ilé-iṣẹ́ kò jẹ̀bi, kò sì sí owó ìtọ́jú.

Ó wà lórí ìdùbúlẹ̀, àwọn ará ilé ń wá oúnjẹ nínú òjò dídì. Nígbà tí ọmọdékùnrin Stanislovas kọ̀ láti jáde nítorí òtútù, Jurgis lù ú. Ibí ni mo ti gbóríyìn fún Sinclair: kò sọ ẹni tí ìyà ń jẹ di ẹni mímọ́. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ti dé ọwọ́, ó ti dé inú ilé. Bí a ti ń bínú sí Jurgis là ń káàánú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ san tó padà, ẹlòmíràn ti wà ní àyè rẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Ó tún bọ́ sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti yàn án tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀gá sì ń fò ó kọjá. Iṣẹ́ ajílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sá fún ló kù fún un.

Àléébù ìwé náà wà níparí. Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú gba ojú ewé, Jurgis wá di ẹni tó kàn ń fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti wí ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ara yín le, ẹ ka orí méjèèjì yìí kí ẹ tó pe ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ara tí kò dá ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Jurgis náà ṣe sọ ọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé.