Ogún Baba Lọ́wọ́ Ọmọ: Lámèyítọ́ lórí Géèmù Aurion

Géèmù onítàn, ní ìlànà tí àwọn ará Japáànù fi lélẹ̀, ni eré orí ẹ̀rọ tí ẹni tó ń gbá a ti máa ń wọ àwọ̀ ẹ̀dá ìtàn kan, tí yóò bá a rin ìrìn àjò, tí yóò bá a jagun, tí agbára ẹ̀dá ìtàn náà yóò sì máa pọ̀ sí i ní ìpele-ìpele títí ìtàn yóò fi dé òpin. Dragon Quest, tí ilé-iṣẹ́ Enix gbé jáde ní ọdún 1986, àti Final Fantasy, tí ilé-iṣẹ́ Square gbé jáde ní ọdún 1987, ló fi ẹsẹ̀ ìlànà yìí múlẹ̀. Nínú wọn, akọni àti ọ̀tá rẹ̀ a máa gba ìjà ṣe, èyí a ṣe tirẹ̀ tán kí ìyẹn tó ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1995, Tales of Phantasia ti ilé-iṣẹ́ Namco mú àyípadà wọ̀ ọ́: kò sí dídúró de ara ẹni mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń wo ìjà, ọwọ́ agbágéèmù, ìyẹn ẹni tó ń gbá géèmù, ló sì ń darí ìgbésẹ̀ akọni lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan tọ̀, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games, tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ ní ìlú Yaoundé ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé jáde fún kọ̀ǹpútà ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ náà ga jù lọ níbi tí ó ti fi kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ agbágéèmù láti lò, ó sì rẹlẹ̀ jù lọ níbi tí ó ti gba kókó ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wá sọ ọ́ di ìwàásù lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn.

Àhunpọ̀ ìtàn náà kò díjú. Enzo Kori-Odan ni ọmọ ọba ìlú Zama. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, tí í tún ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Erine, ni Ngarba Evou, àna rẹ̀, fi ipá gba ìjọba. Tọkọtaya náà sá kúrò nílùú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ayé láti wá agbára tí wọn yóò fi gba ìtẹ́ padà. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìjẹ̀ṣà rí yóò mọ̀ pé irú ìtàn yìí kò jìnnà sí ilé. Ajíbógun, baba ńlá àwọn Ọwá Ọbòkun, ni ìtàn sọ pé ó lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà baba rẹ̀ tó fọ́. Kí ó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán, idà ni baba sì fà lé e lọ́wọ́ kí ó fi wá ìpín tirẹ̀. Nínú ìtàn méjèèjì, ìrìn àjò ló sọ ọmọ di ẹni tí ogún tọ́ sí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Ajíbógun mọ ohun tí ó ń lọ wá, ó sì mọ ẹni tí ó ń wá a fún, nígbà tí Enzo rò pé agbára lásán ni òun nílò, tí ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé e pé ẹni tí kò mọ orírun rẹ̀ kò lè lo agbára náà dójú ààmì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ta yọ jù lọ ni bí ó ṣe sọ ogún di ohun ìjà. Nínú ayé ìtàn náà, Aurion ni agbára tó ń ti inú ìmọ̀lára ẹni àti ogún àwọn baba ńlá jáde. Bí ìjà bá le, tí ẹ̀ṣẹ́ lásán kò ran ọ̀tá mọ́, agbágéèmù a pe ọ̀kan nínú àwọn ogún tí Enzo ti gbà. Lójú ẹsẹ̀, ìrísí Enzo a yí padà, ọṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe a di ọ̀tọ̀, ọgbọ́n ìjà tí kò ní tẹ́lẹ̀ a sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ó tún lè pa ogún pọ̀ mọ́ ogún kí òmíràn tó lágbára jù wọ́n lọ lè jáde. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù onítàn Japáànù, iye ọ̀tá tí akọni ti pa ló sábà máa ń sọ bí yóò ṣe lágbára tó. Aurion kò da ìlànà yẹn nù, ṣùgbọ́n ó fi ìmọ̀ ìran ẹni ṣe orí fún un. Kò sí ẹ̀dá ìtàn tó nílò láti ṣàlàyé fún agbágéèmù pé ogún tí a kò lò kò wúlò, nítorí pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Ìbùdó ìtàn náà ní làákàyè. Àwọn arìnrìn-àjò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ló tẹ Zama dó, ìlú náà kì í sì í gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Nítorí náà, ìbéèrè tó dojú kọ Enzo ju ti ẹni tí yóò jókòó sórí ìtẹ́ lọ, ó kan ohun tí àwọn ènìyàn tí kò ti orírun kan náà wá lè pè ní tiwọn. Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí orílẹ̀-èdè kankan tí àwọn òyìnbó fa ààlà rẹ̀, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Àwòrán rẹ̀ tún gbè é lẹ́yìn: níbi tí Dragon Quest ti yá ààfin olókùúta àti ìhámọ́ra jagunjagun ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ lò, aṣọ, irun, ọ̀ṣọ́ ara àti ilé tí a yà sínú Aurion mú àwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà dání, láì jẹ́ pé wọ́n ṣe àdàkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Àléébù tó tóbi jù wà nínú ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì. Àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò yọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò hàn ní ìsàlẹ̀, agbágéèmù yóò tẹ bọ́tìnì kan kí gbólóhùn mìíràn tó wọlé, yóò tún tẹ̀ ẹ́, báyìí ni yóò sì máa ṣe nígbà tí àwọn ẹ̀dá ìtàn bá ń jiyàn lórí ìtàn ayé, òṣèlú àti ìwà ọmọlúàbí. Èrò tó wà nínú àríyànjiyàn wọ̀nyí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì ti di òǹwòran. Àlọ́ àpagbè, ìyẹn àlọ́ tó ní orin nínú, ti yanjú ìṣòro yìí tipẹ́: apàlọ́ kì í dá a pa, àwọn tó jókòó yí i ká ló ń gbe orin, ohùn wọn sì wà lára ohun tó ń gbé ìtàn lọ síwájú. Aurion pe agbágéèmù sí ojú ìjà, ó sì gbàgbé láti pè é sí ìpàdé.

Àléébù kejì bá èyí tan: ìtàn náà kò fún agbágéèmù ní ìpinnu ṣe. Ní oríta Ìwàràjà, ẹni tó ti Iléṣà bọ̀ gbọ́dọ̀ yàn bóyá ọ̀nà Àkúrẹ́ ni yóò gbà tàbí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ìtàn tó dá lórí ìjọba nílò irú oríta bẹ́ẹ̀ níbi tí ìpinnu ti ń náni ní nǹkan, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tààrà ni Aurion là sílẹ̀. Ìjà àjàtúnjà pẹ̀lú àwọn ọ̀tá tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra sì máa ń fa ìrìn àjò náà gùn. Erine pàápàá, tí ìtàn gbé ga gẹ́gẹ́ bí ayaba tó gbọ́n, kì í ju olùrànlọ́wọ́ lọ bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Enzo ni agbágéèmù ń darí; ohun tí ẹnu ìtàn sọ nípa rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò bára mu.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba èdè pẹ̀lú. Èdè Faransé ni àwọn tó kọ ìtàn géèmù náà fi ronú, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ní gbólóhùn tó wọ́ àti àṣìkọ tó ń dí òye lọ́wọ́. Nínú géèmù tó gbé ẹrù tó pọ̀ tó báyìí lé ọ̀rọ̀ lórí, èyí kì í ṣe àbùkù kékeré. Pé kọ̀ǹpútà ni a ṣe é fún tún dín àwọn tó lè rí i gbá kù ní ilẹ̀ tí fóònù ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, tí iná mọ̀nàmọ́ná kò sì dúró. Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn kọjú sí géèmù orí fóònù lẹ́yìn náà.

Kò yẹ kí a fi àánú díwọ̀n iṣẹ́ yìí nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti ṣe é. Ó tóbi tó láti dúró fún ìdájọ́. Ìdájọ́ náà ni pé Aurion kọ́ ìlànà Japáànù yé, tibi-tire, ó sì fi ohun kan kún un tí ìlànà náà kò ní tẹ́lẹ̀: ogún àwọn baba ńlá gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Ajíbógun tàbí ti akọni mìíràn nílẹ̀ Yorùbá di géèmù lọ́la yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Kí ó jẹ́ kí agbágéèmù fúnra rẹ̀ ru omi òkun náà dé ilé, kí ó sì jẹ́ kí ó ní ọ̀rọ̀ sọ nígbà tó bá débẹ̀ tí wọ́n ti pín ogún tán.