Gègé Tí Ó Lè Kọ Yorùbá

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá tí kì í yẹ irinṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó fi owó rà á. Àgbẹ̀ a gbé ọkọ́ sókè, a wo bí irin rẹ̀ ṣe jókòó sára èèkù. Onílù a mú kọ̀ngọ́ dání, a wo ibi tí ó ti tẹ̀. Ohun tí olúkúlùkù wọn ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ irinṣẹ́ yìí yóò ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ gègé, àwa tí a ń jẹun nídìí ìwé kíkọ kì í sábà bèèrè ìbéèrè yìí. Orúkọ tí ó wà lára ọmọrí rẹ̀ ni à ń wò, àti bí yóò ṣe máa dán nínú àpò àyà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wo gègé oníyíǹkì, èyí tí a tún ń pè ní fáńtéènì, kí n sì bèèrè irú èyí tí ó yẹ ẹni tí ó ń kọ èdè Yorùbá lójoojúmọ́. Èrò mi ni pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó yẹ kí ó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun ìkọ̀wé, nítorí pé ìtàn wà nínú wọn. Kálàmù bá ẹ̀sìn Ìmàle wọlé láti inú èdè Lárúbáwá. Òun ni àwọn àáfà fi ń kọ wàláà, òun náà sì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò. Tàdáwà, ìyẹn yíǹkì, gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Gègé ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ìgbàanì ń tì bọ inú ìgò yíǹkì, tí wọ́n á fi kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́. Bírò ní tirẹ̀, orúkọ ènìyàn ni. László Bíró, akọ̀ròyìn ọmọ Hungary, ni ó gba àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí gègé tí ó ní ọta róbótó lẹ́nu ní 1938. Nígbà tí Marcel Bich sì gbé bírò Bic olówó pọ́ọ́kú jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1950, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé gègé oníyíǹkì díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe pé gègé oníyíǹkì ti pẹ́ láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Petrache Poenaru, ọmọ ilẹ̀ Romania tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, gba àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan ní 1827, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ará ọjà lè gbẹ́kẹ̀ lé ni Lewis Waterman ní New York, ní 1884. Òye tí ó wà nínú iṣẹ́ Waterman rọrùn láti sọ: bí yíǹkì bá ń jáde láti inú gègé, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ríbi wọlé, yíǹkì a há. Bí ó bá ń wọlé ju bí ó ti yẹ lọ, yíǹkì a da sára ìwé. Ìwọ̀n láàrin méjèèjì ni gbogbo ẹ̀kọ́ gègé oníyíǹkì.

Láti ibi yìí ni ìyàtọ̀ gègé oníyíǹkì sí bírò ti kọjá ọ̀rọ̀ fáàrí. Yíǹkì inú bírò ki. Ọta tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí kí yíǹkì náà tó lè bá a jáde. Bí a bá fà á, ó kọ ìlà. Bí a bá kàn fi kan pépà láìfà á, ọta náà lè má yí, ó sì lè má fi ohunkóhun sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fi bírò kọ Yorùbá ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, tàbí kí ó yí i lójú kan, kí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tó hàn dáadáa. Yíǹkì gègé oníyíǹkì ṣàn bí omi. Ó ń gba inú lílà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ẹnu gègé wá, bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Bí ẹnu náà bá ti fara kan pépà, yíǹkì ti dé ibẹ̀. A kò tẹ̀ ẹ́, a kò yí i. Fífi ẹnu kàn án lásán ti di àmì.

Ó yẹ kí a rántí ohun tí àkọtọ́ wa ń bèèrè lọ́wọ́ gègé. Láti ìgbà ìpàdé tí ó wáyé ní Èkó ní 1875, nínú èyí tí Àjàyí Crowther kó ipa pàtàkì, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, lẹ́tà Yorùbá kì í ṣe ohun orí ìlà nìkan. Lẹ́tà bíi ọ̀ ní òkè, ó ní àárín, ó ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni gègé yóò balẹ̀ kí lẹ́tà kan ṣoṣo tó pé. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú wàhálà yìí: àmì orí i àti j nìkan ni ó ní, ẹni tí ó bá sì gbàgbé wọn kò tíì yí ìtumọ̀ padà. Ní tiwa, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ ìyàwó kì í ṣe ọkọ́ àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í wọ ọ̀kọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Nítorí náà, ìbú ẹnu gègé ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Àwọn tí ó ń ṣe gègé sábà máa ń kọ lẹ́tà sára ẹnu rẹ̀: EF fún èyí tí ó tín-ínrín púpọ̀, F fún èyí tí ó tín-ínrín, M fún ti àárín, B fún èyí tí ó fẹ̀. Bí ẹnu gègé bá fẹ̀, yíǹkì a pọ̀ lórí pépà: ihò inú ẹ a dí, àmì abẹ́ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọn, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ a sì di àbàwọ́n kan náà. Ìkọ̀wé a wúwo, a rẹwà lójú ẹni tí kò ní í kà á, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á ní láti máa méfò.

Àwọn ará Jàpáànù ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Àwọn àmì ìkọ̀wé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà lè ní ju ìlà 20 lọ nínú àyè kékeré kan, bí ìlà méjì bá sì lẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ wọn, Sailor tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1911, Pilot ní 1918 àti Platinum ní 1919, fi ń ṣe ẹnu gègé tí ó tín-ínrín. F tiwọn sábà máa ń dọ́gba pẹ̀lú EF ti Jámánì. Àbá tí mo mú wá nìyí: ábídí Látìn ni a ń lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ti ẹnu gègé, ìkọ̀wé Yorùbá súnmọ́ ti Jàpáànù ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ra gègé bí ẹni tí kò ní í kọ ohun mìíràn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn gègé tí orúkọ wọn tàn kálẹ̀, ipò wọn yóò yí padà. Montblanc Meisterstück 149, tí ó dé ọjà ní 1952, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọba gègé. Iṣẹ́ ọnà ni, n kò ní í ṣe àìtọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ sanra, owó rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín yóò máa ṣọ́ ọ ju bí yóò ti máa lò ó lọ. Ní ti wúrà tí a fi ṣe ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé wúrà kọ́ ni ó ń kan pépà. Irin líle mìíràn ni a ń jó mọ́ ṣóńṣó ẹnu gègé, ìbáà ṣe ti wúrà, ìbáà ṣe ti irin lásán. Wúrà kì í dípẹtà, àǹfààní gidi ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu onírin tí kì í tètè dípẹtà, tí a sì ń fọ̀ déédéé, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ.

Parker 51, tí ilé iṣẹ́ Parker ti Janesville ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1941, jẹ́ ti ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Wọ́n bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà tètè gbẹ, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Àléébù kan ni mo rí: bí ẹnu náà ti fara pamọ́, ọwọ́ lè yí gègé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú tó mọ̀, èyí kò sì dára fún ẹni tí ó ní láti mọ ibi tí àmì rẹ̀ yóò balẹ̀ gan-an. Lamy Safari ti Heidelberg, tí Wolfgang Fabian ya àwòrán rẹ̀, jáde ní 1980 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ike ni ara rẹ̀, kò ní ìgbéraga kankan, a sì lè yọ ẹnu rẹ̀ kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ibi ìdìmú rẹ̀ ní igun, nítorí náà yóò fẹ́ fi ipá kọ́ ọwọ́ ní bí a ti ń mú gègé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbó sí ọ̀nà mìíràn lè má gbádùn rẹ̀. Ẹni tí yóò bá rà á fún Yorùbá, kí ó mú EF.

Èyí tí mo gbé sókè jùlọ nínú àwọn olówó kékeré ni irú àwọn tí Pilot àti Platinum ń ṣe, tí ẹnu wọn jẹ́ irin lásán tí ó sì tín-ínrín. Platinum tilẹ̀ fi kún un: ó ṣe ọmọrí tí ó ń dé mọ́ ẹnu gègé pinpin kí yíǹkì má baà gbẹ, lára èyí tí ó pè ní 3776, tí í ṣe gíga òkè Fuji ní mítà, àti lára Preppy tí owó rẹ̀ kéré jọjọ. Ẹni tí ó mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wa yóò mọ ìwúlò irú ọmọrí bẹ́ẹ̀. Lóṣù Ọ̀pẹ, afẹ́fẹ́ tí ó ń la ètè ènìyàn kì í ṣàánú ẹnu gègé.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí mú mi dé orí yíǹkì àti pépà, n kò sì ní í pẹ́ níbẹ̀. Gègé tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa lè da yíǹkì, nítorí pé ooru a máa fẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lójú. Yíǹkì tí ó ní èédú tàbí oje igi, irú èyí tí a fi ń kọ wàláà, yóò dí ọ̀nà inú gègé. Èyí tí a ṣe fún gègé oníyíǹkì ni kí a lò, kí a sì máa fi omi tútù fọ gègé lóòrèkóòrè. Ọ̀pọ̀ yíǹkì wọ̀nyí ni omi lè fọ̀ kúrò lójú ìwé, nítorí náà ẹni tí ó ń kọ ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ yóò kà gbọ́dọ̀ wá èyí tí omi kì í pa. Pépà tí kò dára a máa mu yíǹkì bí òwú, àmì a sì fọ́n ká. Níbí pẹ̀lú, ẹnu tín-ínrín ni ó ń dáàbò bò wá, nítorí pé kì í fún pépà ní yíǹkì púpọ̀ mu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọ́n á ní àìmọ̀ àti ọ̀lẹ ni ó ń pa àmì ohùn, kì í ṣe bírò. Òótọ́ ni. Kò sí gègé tí ó lè kọ́ ènìyàn ní ohùn tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí ó mọ àmì rẹ̀, tí ó ń sáré kọ ìdáhùn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí ó bá kan irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ pépà lẹ́ẹ̀mẹwàá tí ẹ̀ẹ̀mẹrin kò mú, yóò kọ́kọ́ tún un ṣe. Nígbà tí ó bá yá, yóò jáwọ́. Irinṣẹ́ tí ń fìyà jẹ ẹni tí ó fẹ́ ṣe dáadáa yóò kọ́ ọ ní àṣà búburú. Àwọn mìíràn yóò ní kọ̀ǹpútà àti fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gègé. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ní kíláàsì àti nínú ìdánwò, ọwọ́ ni a ṣì fi ń kọ̀wé jùlọ, ibẹ̀ sì ni àṣà ìkọ̀wé ti ń mọ́ọ̀yàn lára. Ẹni tí ó bá ní owó òun kò ká gègé oníyíǹkì rárá, kí ó wá bírò oní-jẹ́ẹ̀lì tí ẹnu rẹ̀ tín-ínrín. Yíǹkì tirẹ̀ rọ̀ ju ti bírò lásán lọ, ó sì ń tètè mú.

Bí ẹ̀yin òǹkàwé mi bá dé ìsọ̀ tí a ti ń ta gègé, ẹ má ṣe fi bíbuwọ́lùwé dán an wò, nítorí pé gbogbo gègé ni ó mọ orúkọ olówó í kọ. Ẹ mú pépà tí kò dára púpọ̀, irú èyí tí ẹ ń lò nílé, kí ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí rẹ̀ bí ọwọ́ yín ṣe ń yá, láìtẹ gègé náà mọ́lẹ̀. Ẹ wo bóyá àmì abẹ́ mú, bóyá ó dá dúró láìlẹ̀ mọ́ lẹ́tà, bóyá ẹnu gègé kò gún pépà nígbà tí ẹ fa àmì òkè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún ẹlòmíràn ní pépà náà kà. Bí ó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbèèrè lọ́wọ́ yín, ẹ san owó rẹ̀.